Onígbàjámọ̀ Eku

Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ wọn, wọ́n ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń dúró de mọ́tò, bíi pé obìnrin náà jalè. Ẹ jẹ́ kí èmi àbúrò rẹ̀ sọ bó ṣe rí, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Láàbù ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wò ó bóyá kẹ́míkà tí àwọn iléeṣẹ́ fẹ́ lò máa mú kí ara èèyàn yún, kó sì sú. Gínípíìgì ni wọ́n fi ń dán an wò, eku kan báyìí tí kò nírù, tó máa ń ké wíwí-wíwí tó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni kó fá irun wọn kí wọ́n lè rí awọ ara. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Onígbàjámọ̀. Òun náà á ní àwọn oníbàárà òun dáa ju ti ìta lọ, wọn kì í bá òun jiyàn bọ́ọ̀lù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á fi kẹ́míkà sí ẹ̀yìn tí wọ́n fá, wọ́n á fi báńdéèjì dì í. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi eku sílẹ̀ kó sinmi dáadáa. Tó bá sinmi tán, wọ́n á fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á tún fi kẹ́míkà yẹn kàn án níbẹ̀. Tí ibẹ̀ bá pọ́n, ara ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ fún wa pé ara dà bí onílé. Olè tó kọ́kọ́ wọlé bí àlejò, onílé á fún un níjòókòó. Ìgbà tó bá padà wá ni onílé máa figbe ta.

Òfin kan wà níbẹ̀ tó máa ń dùn ún. Eku tí awọ rẹ̀ bá ti pọ́n látara fífá, kí kẹ́míkà tó kàn án, wọn ò ní lò ó mọ́. Wọ́n á gbé e jáde, kò sì ní padà wọlé. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń fá irun ò mú mọ́, ṣe ló ń fa irun tu. Ó bèèrè fún tuntun, wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Ó tún bèèrè. Ọ̀gá rẹ̀, ọmọ tí ì bá ti bí ká ní ó tètè rí ọkọ, ní kó máa fọwọ́ jẹ́jẹ́ fá a. Ṣé ọwọ́ jẹ́jẹ́ ló máa pọ́n ẹ̀rọ?

Bó ṣe di pé ó mú ìpara láti ilé nìyẹn, èyí tí wọ́n tà fún un ní kẹ́mísì nígbà tí ọrùn ń yún un. Tó bá fá eku tán, á fi díẹ̀ pa á. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, pípọ́n ti lọ. Wọn ò gbé eku kankan jáde mọ́. Ó ní òun kúkú mọ̀ pé wọ́n á pa gbogbo wọn tí iṣẹ́ bá parí, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ nítorí ọwọ́ òun.

Kẹ́míkà tí wọ́n ń dán wò nígbà yẹn ni èyí tó ń mú kí gọ́ọ̀mù bàtà tètè le. Ó yege. Kò sí eku kan tí ara rẹ̀ pọ́n. Iléeṣẹ́ bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ibẹ̀ gan-an sì ni ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ bàtà. Tó bá lẹ sóòlù mọ́ bàtà, wàá wá ojú ibi tó ti lẹ̀ ẹ́ tì.

Kò kọ́kọ́ ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tó yá, àárín ìka rẹ̀ pọ́n, ó lé, omi ń jáde níbẹ̀. Ó rò pé ọṣẹ ni. Ìyá rẹ̀ mú ìpara ọ̀hún, ó fi pa á fún un, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ọwọ́ rọlẹ̀. Ọmọ ń dúpẹ́. Ọwọ́ yẹn ni ìyá ń wò. Ohun tí ìpara ṣe sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, òun náà ló ti ṣe sára àwọn eku. Wọn ì bá pọ́n. Ìpara òun ni kò jẹ́ kó hàn.

Ó sọ fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

“Màámi, wọ́n á lé yín.”

“Kí wọ́n lé mi. Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lẹ bàtà ńkọ́?”

“Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́.”

“Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n wọ̀ dà? Àbí ọwọ́ ẹlòmíì ni mò ń wò níbí?”

Ó lọ bá ọ̀gá, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan bò. Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

“Ìyá, ta ló tún mọ̀?”

Ẹ gbọ́ mi ná. Èèyàn wá sọ fún ọ pé ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ń bó, ìbéèrè tó wá sí ọ lẹ́nu nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé, “Ọwọ́ ọmọ mi mọ̀.”

Wọ́n ní kó máa lọ sílé, àwọn á pè é. Wọn ò pè é. Kíá ni wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, èyí tí wọn ò rí rà nígbà tó ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n kó eku mìíràn, wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Ẹni tó gba iṣẹ́ rẹ̀ ló yọ́ sọ fún un pé ẹ̀gbẹ́ wọn pọ́n bí ata. Wọ́n yọ kẹ́míkà náà kúrò nínú gọ́ọ̀mù. Mo gbà, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n wọ́n kéde pé ìṣọ́ra àwọn ọ̀gá ló tú àṣírí, àti pé àwọn ti lé òṣìṣẹ́ kan tí kò bìkítà. Ẹni tó jẹ́ pé bíbìkítà jù ló kó bá a. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀rọ tí kò mú.

Mi ò ní kò jẹ̀bi. Òun alára kì í jẹ́ ká gbè é. Tá a bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á ní ká dákẹ́, ṣebí òun lòun mú ìpara wọlé. Èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni ti ọmọ. Nígbà tí gọ́ọ̀mù míì ti dé, ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàtà àtijọ́ kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù ti tẹ́lẹ̀ lẹ̀, tí wọ́n gbé wá tún ṣe, ló fọwọ́ kàn, ọwọ́ tún bó. Dókítà ní bó ṣe máa rí lọ nìyẹn, kó wá iṣẹ́ míì. Aṣọ ọmọdé ló ń tà báyìí.

Láìpẹ́ yìí, àwa mẹ́ta jọ ń lọ lójú pópó. Ọmọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù bàtà, ó ń wo ọ̀kan tí wọ́n lẹ̀ gbágungbàgun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ lẹni tó lẹ èyí fi lẹ̀ ẹ́. Ó nawọ́. Ìyá rẹ̀ ti gbá ọwọ́ náà mú kó tó débẹ̀, bí ẹni fa ọmọ kékeré kúrò nídìí iná.

“Màámi, mò ń wò ó ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ náà mú títí a fi kọjá ṣọ́ọ̀bù, ọmọ sì jẹ́ kó dì í mú.