Ewúrẹ́ Ẹlẹ́jẹ̀ Mímọ́

Bí o bá bi mí pé ọdún wo ni, n kò mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún kan wà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa nítorí àìsàn tó wá láti òkè òkun, ọdún tí a jókòó sínú ulé lọ́jọ́ Àjíǹde, tí àwa àgbà ń kọrin jẹ́jẹ́ bí ẹni tó jí nǹkan. Ka ọdún méjì lé ìyẹn. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tí àbúrò ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó kó ẹrù rẹ̀ padà wá sí Ìlogbò níbí. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ọ́, kọ "ulé" tí mo wí yẹn bí mo ṣe wí i. Àwọn tó máa kà á mọ ohun tó jẹ́.

Ọkọ mi ti kú nígbà náà. Èmi nìkan ni mo kù nínú ilé ńlá yìí, èmi àti ewúrẹ́ mẹ́rin pẹ̀lú adìyẹ díẹ̀. Àbúrò ọkọ mi tí mo ń wí yìí, ẹ̀yìn mi ló sùn dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí wọ́n mú mi wọlé. Mo fọ ìdí rẹ̀, mo fun ikun imú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni, ìyàwó ni èmi. "Ọkọ mi" ni mo ń pè é láti ìgbà tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò, "Ìyàwó" lòun náà ń pè mí títí irun mi fi funfun. Èmi ni mo ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, òun ń fi "o" bá mi sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó bèèrè lọ́wọ́ mi rí tí mo ní n kò ní ṣe.

Ó ra wáyà, ó fi ṣe ọgbà yí ẹ̀yìn ilé ká, níbi tí mo ti ń gbin ata àti ẹ̀fọ́. Ó ní òun fẹ́ sin ẹran. Inú mi dùn, mo rò pé ẹran tí a mọ̀ ni.

Ohun tó kó dé, ó sú mi láti ọjọ́ kìíní. Ó kó adìyẹ arúpẹ dé, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn ju ìka mi lọ, tí àyà rẹ̀ ń wọ́ nínú ìgbẹ́ ara rẹ̀. Ó kó ọ̀pìpì tí kò níyẹ̀ẹ́ lára, tó jẹ́ pé bí òjò bá ti kán sí i lára á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. A mọ àwọn méjèèjì yẹn tẹ́lẹ̀, ọ̀kan lè yọ láàárín ọ̀pọ̀ adìyẹ nínú àgbàlá ẹni, a ó wò ó, a ó rẹ́rìn-ín, ó tán. Òun kó wọn jọ kí wọ́n máa pa irú ara wọn. Ó kó eku òyìnbó tí kò nírù dé, wọ́n ń tọ̀ síbi tí wọ́n ti ń jẹun, mo sì fi ojú ara mi rí wọn tí wọ́n ń jẹ ìgbẹ́ tí wọ́n yà. Ajá kan wà nínú wọn tó lè wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Imú rẹ̀ ti rì sínú ojú rẹ̀, ó ń hanrun lójúmọmọ bí ọ̀mùtí, ẹyinjú rẹ̀ yọ síta, omi ń ṣàn níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá a nu ojú náà láràárọ̀. Bí mo bá ti nù ún tán, ẹ̀kọ mi kì í lọ lọ́fun mọ́.

Òórùn ibẹ̀ nìkan ti tó láti lé èèyàn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń gun ọ̀kadà wá láti Aramọkọ, láti Ìjerò, kódà láti Ẹ̀fọ̀n, wọ́n ń gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń ké "Ó mà rẹwà o!" sí ajá tí kò lè mí.

Nígbà tó yá, ó mú òbúkọ dúdú kan dé. Kò ga ju àpótí tí mo fi ń jókòó dáná lọ. Ó wá bá mi ní ìdí ààrò.

"Ìyàwó, mo fẹ́ kí o gbé ewúrẹ́ rẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú yẹn fún mi, kí n bá ọ sìn ín."

Èyí tó ń wí yẹn, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ẹran mi. Ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i, ẹ̀kọ tútù ni mo fi tọ́ ọ, ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Bí a ṣe ń ṣe é níbí ni pé bí o bá gbé abo ẹran fún ẹlòmíràn sìn, ìwọ tí o ni ín lo ni àkọ́bí rẹ̀, ẹni tó ń sìn ín ló ni èyí tó bá tẹ̀ lé e. Nítorí náà, mo bèèrè ohun tí à ń bèèrè.

"Ọkọ mi, òbúkọ yìí, níbo ló ti wá? Ta ni bàbá rẹ̀?"

A máa ń bèèrè. Bí òbúkọ bá ti pẹ́ nínú agbo, a ó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tàbí kí a tà á, kí a lọ wá òmíràn ní àdúgbò kejì, kí ẹran má baà máa gun ọmọ tó bí.

Ó ní, "Má mikàn. Ẹ̀jẹ̀ mímọ́ ni. Ó wà nínú ìwé pé kò sí àbùlà kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Ẹ̀jẹ̀ mímọ́. Kò sí ọjọ́ ìsinmi tí a kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn kọrin. Mo sì tún rántí pé nísinsìnyí, bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, àlùfáà á ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n mú ìwé rẹ̀ wá. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ òbúkọ yìí wò, tó rí i pé ó mọ́, tó sì kọ ìwé lé e lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò ọkọ mi. Mo fa ewúrẹ́ mi lé e lọ́wọ́.

Ẹnu mi kò sì dúró síbẹ̀. Mo dé inú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, mo ń sọ fún wọn pé ewúrẹ́ tó wà lọ́gbà ọkọ mi, ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́, ó wà nínú ìwé. Obìnrin méjì ní kó bá àwọn mú akọ àti abo irú wọn wá nítorí ọ̀rọ̀ mi, ọ̀kan ní Aramọkọ, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ ilé wa níbí.

Ewúrẹ́ mi bí abo kan. Kò tóbi ju ọmọ ológbò lọ, dúdú bíi bàbá rẹ̀, ó kúrú lẹ́sẹ̀ bí ìyá rẹ̀. Tèmi ni, àkọ́bí ni. Mo ya etí ìró mi, mo so ó mọ́ ọn lọ́rùn kí wọ́n má baà tà á mọ́ mi lọ́wọ́. N kò ní purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Á tẹ̀ lé mi wọ ilé ìdáná, á gbé orí lé ẹsẹ̀ mi, á máa jẹ èèpo uṣu lọ́wọ́ mi. Bí àwọn tó wá ya fọ́tò bá bèèrè ẹni tó ni ín, mo máa ń tètè dáhùn.

Kò tíì pé ọdún kan tí mo gbé èèpo uṣu lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tí n kò rí i lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo wá a títí. Inú àgò òbúkọ ni mo ti rí i, pẹ̀lú aṣọ mi lọ́rùn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo pariwo. Àbúrò ọkọ mi jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

"Ọkọ mi, ẹ ṣi ẹran gbé o! Bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn!"

"Mo mọ̀."

"Ó ń gùn ún o!"

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe gbé e síbẹ̀." Ó tu ìfófòó ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ewúrẹ́ ni, kì í ṣe ọmọ ìjọ. Kò sẹ́ni tó máa pè é wá síwájú pẹpẹ."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́."

"Ohun tó ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mímọ́ náà nìyẹn, kí àjèjì má wọ inú rẹ̀. Òbúkọ yìí fúnra rẹ̀, ìyá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń padà sínú ara wọn ni wọ́n ṣe ń kéré sí i. Ibi tí ẹwà rẹ̀ wà nìyẹn."

Mo dúró síbẹ̀, mo ń gbìyànjú láti to ẹbí náà jọ lórí mi. Ìyá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ tèmi yìí, bàbá rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ohun tó bá bí, kí ni yóò máa pe ẹni tó bí i? Itọ́ kún ẹnu mi, itọ́ kíkan, mo tu ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ohun tí ìyàwó kì í ṣe níwájú ọmọ ilé.

Mo ní kó kó ẹran mi fún mi. Ó ní ó ti máa gba oyún báyìí, kí n jẹ́ kó bí i ná, kí n máa mú un lọ. Ó yẹ kí n ti ọwọ́ bọ inú àgò náà, kí n gbé e. Kò wúwo. Mo dá a lóhùn pé, "Ó dáa, ọkọ mi." Mo sì padà sí ìdí ààrò. Ibi tó ń kó mi nírìíra jù nìyẹn títí dòní, ju ìgbẹ́ lọ, ju ojú ajá lọ.

Ọjọ́ ọjà ni ìrọbí mú un. Láti àárọ̀ ló ti ń rin láti ti ọmọ jáde, omi ti já, kò sóhun tó yọ. Àbúrò ọkọ mi pe dókítà ẹran kan ní Ìjerò. Ó ní ó ń bọ̀. Oòrùn kan àtàrí, dókítà ṣì ń bọ̀. Ọkọ mi gbé fóònù rẹ̀ dúró síwájú ẹran, kó lè ya bí ọmọ bá ṣe ń yọ. Ewúrẹ́ náà ké títí, nígbà tó yá kò ké mọ́, ahọ́n rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo mọ̀ pé bí mo bá dúró de dókítà, òkú ló máa bá.

Mo fi abẹ gé èékánná mi, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo fi epo pupa kùn ún. Mo ti gbẹ̀bí ẹran rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ìka méjì péré ló wọlé. Egungun ìdí rẹ̀ há bí ọrùn ìgò. Mo fọwọ́ kan nǹkan kan tó rọ̀, n kò mọ̀ bóyá orí ni tàbí ìdí. Mo fà á díẹ̀díẹ̀, bó bá rin mo fà, bí kò bá rin mo dúró.

Orí ni. Ó tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ó rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù. Kò ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Mo yí i padà, ibi tó yẹ kó ti máa yàgbẹ́, awọ ló bò ó pa. Ó mí lẹ́ẹ̀mejì lórí aṣọ mi, ó dákẹ́.

Àbúrò ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi wọ̀n òkú náà láti orí dé ìdí.

"Ó kéré ju ìyá rẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bí i," ó ní. "Ìyàwó, a ti ń débẹ̀. Bí èyí bá gbádùn tán, èyí tó kàn máa dáa."

Mo bì sí ẹ̀gbẹ́ wáyà, àwọn adìyẹ arúpẹ wọ́ àyà wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á jẹ. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ẹnu mi ti gbàgbé "ẹ".

"Ìwọ ọmọ yìí! Níbo lo fẹ́ dé? Èyí tó kàn kẹ̀? Ta ló máa bí èyí tó kàn fún ọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ìyàwó, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni. Ìwọ tí mo fọ ìdí rẹ. Ṣí ilẹ̀kùn fún mi."

Ó ṣí i.

Mo fi ìró mi pọn ewúrẹ́ náà bí ẹni pọn ọmọ, mo gbé e wọ yàrá mi. Omi gbígbóná ni mo fi ń jó o lára, ẹ̀kọ ni mo ń fi ìka tọ́ sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dìde. Ó wà níta níbẹ̀ yẹn báyìí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kò bímọ mọ́. Bí òbúkọ bá ti sún mọ́ ọn, ńṣe ló máa ń dùbúlẹ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin méjì yẹn. Mo ní ohun tí mo sọ fún wọn kì í ṣe òótọ́, n kò mọ̀ ni. Ẹni ìsàlẹ̀ ilé ya akọ ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni Aramọkọ fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ta ló ń bi ewúrẹ́ léèrè bàbá rẹ̀?" Mo ní àwa ni.

Ọgbà náà ṣì wà. Mo ń kí i, ó ń kí mi, "Ìyàwó," "Ọkọ mi," n kò kọjá ibi wáyà. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ibẹ̀, mo máa ń ti fèrèsé.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi wá sílé fún ọdún Kérésì, ìyá rẹ sọ fún mi pé àwọn àbúrò rẹ ń bẹ òun kí òun gba irú ajá yẹn fún wọn. Mo pe àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Mo sọ fún wọn pé àṣà ló ní kí n máa pè é ní ọkọ mi, mo sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Àṣà kò ní kí n fa ewúrẹ́ mi lé e lọ́wọ́, kò sì ní kí n padà sí ìdí ààrò lẹ́yìn tí mo ti rí ohun tí mo rí. Èmi ni mo ṣe ìyẹn fúnra mi. Mo ní kí wọ́n máa bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bó ti wù kó dùn létí tó, ẹni yòówù kó sọ ọ́. Kí wọ́n má dúró dìgbà tí wọ́n bá ti ti ọwọ́ bọ inú ẹran.