Ọwọ́ Àsàmáù

Bí obìnrin Mùsùlùmí bá kú n'Ìkàrẹ́, Àsàmáù ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kó wá wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ rọ̀, kì í sì í sọ ohun tó bá rí lára òkú fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ìyá ẹ̀, Limota arúgbó, fi máa ń kìlọ̀ fún un pé, "Ọjọ́ tí mo bá kú, ọwọ́ ẹlòmíì ò gbọdọ̀ kàn mí o."

"Màámi, mo ti gbọ́. Èmi ni màá wẹ̀ yín."

Ìka Àsàmáù wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó bá jí láàárọ̀, kò ní lè di búta àlùwàlá mú. Ẹ sì mọ ẹnu ayé! Wọ́n á ní àwọn òkú tó ń wẹ̀ ló ń bá a jà, wọn ò sì ní jẹ́ kó wẹ ẹnikẹ́ni mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìyá ẹ̀. Ló bá ń fi hìjáábù bo ọwọ́, ó ń fi òrí pa á. Áà, Àsàmáù! Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ìka ti wọ́ tán kó tó lọ sí ọsibítù kan l'Ọ̀kà. Dókítà Ilésanmí di ọwọ́ náà mú jẹ́jẹ́.

"Màmá, ara wa kún fún sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tójú ò lè rí. Lára awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ni ohun tó ń gba iṣẹ́ tí wọ́n bá rán wà. Bí àìsàn bá dé, ara á rán òjíṣẹ́ pé ogun dé. Òjíṣẹ́ yìí kì í wọlé. Ara ohun tó ń gbaṣẹ́ yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ níta. Ìyẹn á jí àwọn tó wà nínú, ẹnìkan á ta ẹnìkejì lólobó, títí ọ̀rọ̀ á fi dé yàrá àárín tí àṣẹ ti ń jáde. Àṣẹ á ní: ẹ wú, ẹ gbóná, ẹ tún pe àwọn mìíì wá."

"Ṣé ogun wá dé lóòótọ́ ni?"

"Kò sógun kankan, Màmá. Oríkèé yín ni ara yín ń bá jà, iṣẹ́ tó ń rán náà ò sì dáwọ́ dúró. Oògùn wà tó ń dínà ẹ̀, àmọ́ ìka tó ti wọ́ ò lè nà mọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́ báyìí?"

Àsàmáù bú sẹ́kún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Limota kú. Àwọn èèyàn ti tò síta, wọ́n ń dúró láti kírun sí i lára. Àsàmáù bu omi, búta já bọ́. Ó tún gbé e, ó tún já bọ́. Memunat, tí Àsàmáù kọ́ ní òkú wíwẹ̀, rọra gba búta náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é."

Ó dun Àsàmáù dé egungun. Ó jókòó síbi orí ìyá ẹ̀, omijé ń dà lójú ẹ̀.

"Apá ọ̀tún ni kó o ti bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Rọra o, Memunat. Èjìká yẹn máa ń dùn wọ́n."