Ìka Kan Lójú Ọ̀nà Àríwá Odò

Ní káúntì wa, màlúù pọ̀ ju èèyàn lọ, pápá koríko sì fẹjú débi pé o lè wakọ̀ títí kí o má rí ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi kọjá lára ẹlòmíì láìkí i. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, awakọ̀ á na ìka kan sókè lórí sítíárìn. Ó parí. Ẹni tí o mọ̀ àti ẹni tí o kò mọ̀, ìka kan náà ni. Ẹni tí kò bá nà án, a máa ń ní kò gba ẹ̀kọ́ nílé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Orrin Haugland. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má jẹ́ kí inú tó ń bí mi tàn yín jẹ. Bí màlúù ẹnikẹ́ni bá há sínú yìnyín, Orrin ni wọ́n ń pè. Àmọ́ olórí kunkun ni! Bó bá ti ní òun ò jẹun, ebi á pa á sídìí abọ́ ni.

Ilé méjì péré ló kù lápá àríwá odò, tirẹ̀ àti ti Delbert Rasch. Àwọn yòókù ti tẹ̀ lé ọmọ wọn lọ sí ìlú ńlá, atẹ́gùn sì ń wó ilé wọn díẹ̀díẹ̀. Orrin àti Delbert jọ dàgbà ni, wọ́n sì jọ máa ń kórè àlìkámà ara wọn.

Géètì ló dá ìjà sílẹ̀. Níbí, bí o bá ṣe bá géètì ni kí o ṣe fi í sílẹ̀. Bó bá wà ní ṣíṣí, má fọwọ́ kàn án, bóyá ẹran olówó ẹ̀ fẹ́ gba ibẹ̀ lọ mu omi. Delbert kọjá lọ́jọ́ kan, ó bá géètì Orrin ní ṣíṣí, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn màlúù gba ibẹ̀ jáde lọ sórí ojú irin, rélùwéè sì pa wọ́n.

Orrin lọ ká a mọ́lé. "Ìwọ lo ṣí géètì mi!"

"Mo bá a ní ṣíṣí ni."

"Ta ló wá ṣí i? Atẹ́gùn?"

"Bi ara ẹ. Ta ló kó koríko gba ibẹ̀ láàárọ̀?"

Orrin fúnra rẹ̀ ni. Ó mọ̀, ṣùgbọ́n ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó bínú ju kó tijú lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti na ìka sí Delbert mọ́. Ọdún ń gorí ọdún, Delbert ń nà án, Orrin ń wo iwájú bí ẹni tí ọrùn rẹ̀ gan. Nígbà tí ìyàwó Delbert kú, Orrin dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì lọ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn.

Nígbà ìkórè tó kọjá, Delbert wọ ilé kọfí mi.

"Ìyàwó, ọmọ mi ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Denver. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe ní Denver?"

"Ẹ má lọ mọ́."

"Ta ni kí n dúró tì? Ẹnì kan ṣoṣo ló kù lọ́nà yẹn, kì í sì í kí mi. Tí Orrin bá na ìka sí mi lẹ́ẹ̀kan péré kó tó di Sátidé tí ọmọ mi ń bọ̀, mi ò lọ mọ́."

Mi ò tilẹ̀ bọ́ aṣọ ìdáná tí mo fi wakọ̀ lọ bá Orrin.

"Bọ̀dá, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ìka lásán ni Delbert ní kẹ́ ẹ nà kó tó di Sátidé, kó má bàa kó lọ sí Denver!"

Ó ní, "Èmi ni mo ṣí géètì yẹn."

"Ṣé ẹ rò pé ìròyìn lẹ̀ ń sọ fún mi ni? Gbogbo káúntì ló mọ̀."

"Wọ́n mọ̀?"

"Àwọn màlúù gan-an mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ nu ojú. "Màá nà án."

Mo ní kó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní ojú ọ̀nà lòun ti ṣẹ̀ ẹ́, ojú ọ̀nà lòun ó ti tún un ṣe. Ló bá ń lọ páàkì sídìí afárá lójoojúmọ́, ó ń wọ̀nà fún ọkọ̀ akẹ́rù búlúù Delbert. Delbert kò jáde, ó ń di ẹrù.

Láàárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ funfun kékeré kan yọ, ó ń dán yinrin, ọkọ̀ ará ìlú ńlá. Orrin kò kà á sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò bóyá èyí búlúù ń bọ̀. Ìgbà tó rí i pé ìka kan nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wakọ̀, tó sì mọ̀ pé Delbert ni, eruku ti bò wọ́n. Ó tẹ fèrè títí, ọkọ̀ náà kò dúró.

Ìgbà òtútù ni Delbert tó pè mí láti Denver. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ó ti pẹ́ jù, ìyàwó. Mo ti ta ilẹ̀."

Orrin nìkan ló kù lápá ibẹ̀ báyìí. Katapílà tó ń tún ọ̀nà ṣe kì í kọjá afárá mọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, Orrin gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ àjèjì kan pàdé wa, gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ni Orrin gbé sókè.

"Bọ̀dá, ta lẹ̀ ń kí?"

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ó lè jẹ́ Delbert ló wà nínú ẹ̀."