Ìyá Tó Wọn Ilé Kó Tó Rà Á

Bí ẹ bá béèrè Ìyá Ẹ-Wọ̀n-ọ́n-Wò ládùúgbò wa lónìí, kí wọ́n tó sọ fún yín pé ìyá náà ti di olóògbé, wọ́n á ti kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ròyìn ọjọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ilé onítáyà, tó ní kí wọ́n máa kó o sínú ilé tí òun kò tíì rà.

Ilé onítáyà yìí, ilé kékeré ni, tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná, tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á de táì, ẹnu rẹ̀ sì dùn bí oyin.

"Mọ́mì, wẹ́rẹ́ lọkọ̀ yín á fà á. Ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Kò tó ohun tí ọkọ̀ yín lè fà."

"Ọmọ mi, òfìfo ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀ yẹn. Ṣé òfìfo lẹ rò pé mo fẹ́ gbé rìnrìn àjò ni? Ṣé òfìfo ni bàbá yìí á tẹ́ sùn, táá tún fi òfìfo bora?"

Ló bá juwọ́ sáwọn aládùúgbò tó bá a kẹ́rù wá. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì wọlé, wọ́n kó ìkòkò wọlé, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi, àpótí irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀, àti ẹ̀rọ ìránṣọ onírin tó ti ń lò látìgbà tó ti gba fíríìdọ́ọ̀mù.

"Mọ́mì, ẹ ò tíì sanwó o!"

"Télọ̀ ni mí, ọmọ mi. Ta ló ń ra aṣọ tí kò tíì dán wò lára?"

Ẹ má rò pé eré ni ìyá yìí ń ṣe. Ọkọ rẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì, ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ìbàdí. Kò lè jókòó pẹ́. Bó bá ti jókòó díẹ̀, àfi kó dùbúlẹ̀ kó na ẹ̀yìn, ọkọ̀ èrò wo ló sì máa dúró dè é? Bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà létí òkun, lódìkejì òkè, ó sì ti bímọ. Láràárọ̀ ni bàbá máa ń sọ ọ́ pé, "Ṣé màá fojú kan ọmọ yìí kí n tó kú báyìí?" Ìyá á kàn gbé abọ́ oúnjẹ àárọ̀ tirẹ̀ padà síbi ìdáná.

Ilé tó tóbi jù lọ nínú ọgbà, èyí tí wọ́n ń kó ẹrù sí yìí, ni bàbá fẹ́, nítorí ó ní balùwẹ̀.

"Èmi tí mo kó odidi bọ́ọ̀sì èèyàn gun òkè!"

"Ẹ̀ńjìnnì bọ́ọ̀sì lẹ fi kó wọn, bàbá. Tiwa yìí, bí ẹ bá gbé àpò sìmẹ́ńtì kan sí i, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Gígun òkè pàápàá kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ta ló máa bá wa di ilé yìí mú lẹ́yìn?"

Wọ́n fà á lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, níbi òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn lọ́rí. Yéè! Ohun tó hàn níbẹ̀ ju ohun tí ọkọ̀ wọn lè fà lọ fíìfíì. Ọlọ́jà onítáì nu òógùn. Inú bí bàbá débi pé ó fẹ́ kẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀, àmọ́ ìbàdí ò gbà fún un, ló bá yí ọrùn nìkan.

Ni wọ́n bá kó gbogbo ẹrù sínú ilé kékeré kan tí kò ní balùwẹ̀. Wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ó ṣì lé díẹ̀. Bí ìnájà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí tọkọtìyàwó ń fi kílò ná ara wọn bí ọjà.

"Ẹ yọ àpótí irinṣẹ́ yín."

"Láéláé! Ìwọ yọ ìkòkò irin yẹn."

"Mo ti yọ ọ́. Ó kan àpótí."

"Màá yọ òòlù kan."

"Òòlù kan! Ṣé ẹ fẹ́ lọ kọ́lé fún ọmọ jòjòló ni?"

Àwọn awakọ̀ lọ́rí tó ń retí kí ó kàn wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ wá wòran. Ọ̀kan ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ má gbà fún wọn o!" Àmọ́ ẹni tó ń ka òṣùwọ̀n mi orí, ó ní ó ṣì lé. Ni gbogbo ojú bá yí sí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ìyá náà ò sùn níbi tí ẹ̀rọ yẹn ò sí rí. Ó wò ó títí. Ó fọwọ́ pa á lórí.

"Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀," ló wí.

Bàbá wúkọ́. "Ẹ bá mi gbé àpótí tèmi náà."

Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó wá ku díẹ̀ kó tó ohun tí ọkọ̀ wọn lè fà. Bàbá ní kí wọ́n wá dá òòlù kan padà, ìyá ní rárá, aṣọ tó bá fún pinpin ló ń ya. Ìgbà yẹn ni ìyá wá sanwó. Àmọ́ bàbá ló to ẹrù. Ó ní kí wọ́n kó èyí tó wúwo sí ọ̀gangan òkè táyà, kí wọ́n sún un síwájú díẹ̀, ó ní bó bá wúwo lẹ́yìn, ńṣe nilé náà á máa jù bí ìrù ajá lójú ọ̀nà. "Ẹ mọ èyí jù mí lọ," ni ìyá sọ. Kò sẹ́ni tí bàbá ò sọ ọ́ fún ládùúgbò kí wọ́n tó gbéra.

Ìyá ló wakọ̀. Bàbá ń pàṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Jíà kejì! Má tẹ bíréèkì pẹ́!"

"Bàbá, èrò lẹ̀yin o."

Wọ́n ń dúró, bàbá ń lọ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n tún ń lọ. Ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúrò lórí òkè ni wọ́n ti rí ilé onítáyà ńlá kan tó ti fì sínú yanrìn lẹ́bàá ọ̀nà, tí èéfín ń rú lára táyà ọkọ̀ tó fà á. Nǹkan kan ò ṣe àwọn tó ni ín, a dúpẹ́, àmọ́ wọ́n káwọ́ lérí. Bàbá wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá. Kò pàṣẹ kankan mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, ó rọra sọ pé, "Rọra máa lọ, ìyàwó mi. Kò sẹ́ni tó ń lé wa."

Bí wọ́n ṣe dé, ọmọ wọn sáré jáde tòun ti ọmọ ọwọ́. Bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọmọ náà mọ́ra, ariwo ayọ̀ sọ. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá ìyá tì. Inú ọkọ̀ ló ṣì wà, ó di sítíárì mú gírígírí.

"Màmá, kí ló dé?" ni ọmọ rẹ̀ bi í.

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Látìgbà wo?"

"Látilé." Ló bá bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún tó kọjá ni ìyá sùn tí kò jí, láìṣàìsàn, láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bàbá ló máa ń sọ ìtàn náà fún wa báyìí. Bó bá dé ibi òṣùwọ̀n, a ó rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa dùn wá. Bó bá wá kan ti inú ọkọ̀ yẹn, á bọ́ fìlà rẹ̀ sórí orúnkún.

"Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ó ń bá mi jà," á ní, "ẹ̀rù ló ń bà á. Kò fẹ́ kí n kú sọ́nà." Á nu ojú rẹ̀, á sì tún rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ ó gbé mi débẹ̀ o. Ẹ gbọ́? Ó gbé mi débẹ̀."