Èmi àti Akíkà nínú Kòtò Wúrà

Òórùn ilẹ̀ tútù ni ó kọ́kọ́ wọ imú mi, kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣubú. Ìparí àwọn ọdún 1960 ni. Akọ̀wé kékeré ni mí ní rélùwéè l'Óṣogbo nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Mo wá sí Iléṣà láti kí àwọn òbí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya. Bàbá rẹ̀ ti lọ sí oko kòkó láti àárọ̀, mo sì ní n óò lọ bá a níbẹ̀, kó lè rí i pé èmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọbìnrin náà ń se iṣu tó fẹ́ fi gúnyán lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ dúró dè mí, ẹ ò mọ ọ̀nà yẹn." Mo ní ṣé ọmọdé ni mí ni. Mo tún táì ọrùn mi ṣe, mo wọ igbó lọ.

Àwọn tó wa wúrà níbẹ̀ láyé àtijọ́ fi kòtò sílẹ̀ lóríṣiríṣi, wọn ò dí wọn nígbà tí wọ́n ń lọ, koríko sì ti bo ẹnu àwọn kòtò náà. Ọ̀kan nínú wọn ni mo já sí. Bí mo bá na ọwọ́ sókè, ìka mi ò tó etí rẹ̀. Ògiri rẹ̀ ń yọ̀. Gbòǹgbò tí mo bá dì mú, ńṣe ló ń fà jáde mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi kan ti rọ́. Mo ké títí ohùn mi fi há.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé èmi nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ohun kan ká jọ ní igun, ó rí rubutu, ìpẹ́ bò ó bíi ti ẹja. Mo rò pé ejò ni, mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Akíkà ni. Ẹran yìí kì í gé ni jẹ, kò sì lè sáré. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká ara rẹ̀ jọ, yóò fi orí pamọ́ sínú ikùn, yóò máa retí kí ewu kọjá. Ajá lè bu ìpẹ́ náà jẹ títí kó sú u, ṣùgbọ́n ènìyàn yóò kàn gbé e sínú àpò ni.

Nígbà tí mo jókòó jẹ́ẹ́, ó tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi èékánná gígùn rẹ̀ gun ògiri, ó gòkè díẹ̀, ó ṣubú. Ó tún gbìyànjú. Nígbà náà ni mo wo ògiri náà dáadáa. Àpá èékánná yí i ká, gbogbo wọn sì dúró sí ibì kan náà, wọn ò kọjá ìbàdí mi. Ó ti pẹ́ tí ẹran náà ti wà níbẹ̀. Egungun ẹranko kékeré mìíràn wà lábẹ́ ewé.

Ọ̀sán pọ́n, òjò ṣú. Mo ro bí omi yóò ṣe kún ibẹ̀. Mo gbàdúrà, mo sunkún díẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún akíkà irú ọkọ tí mo fẹ́ jẹ́.

Nígbà tí iyán délẹ̀ tí wọn ò rí mi, ọmọbìnrin náà lọ bá bàbá rẹ̀ lóko. Bàbá ní òun ò rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n jọ ń pè mí kiri títí wọ́n fi gbọ́ ohùn mi. Bàbá gé igi kan, ó nà án sínú kòtò ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí n lè gùn ún. Ó wá rí ẹran náà.

"Gbé ìyẹn bọ̀ pẹ̀lú rẹ," ni ó wí. Inú rẹ̀ dùn.

Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi di ẹran náà, mo gun igi jáde. Ọkàn ẹran náà ń lù kìkìkì mọ́ àyà mi. Ó yẹ kí n gbé e lé bàbá lọ́wọ́. Òun ló bí ọmọ tí mo wá tọrọ, ojú tó sì fi ń wò mí lọ́jọ́ náà kò tíì dára.

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

Ó wò mí. "Kí ló dé? Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ti mulẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Bàbá mi, ẹran wà nínú ọbẹ̀ tí mo sè."

Bàbá gbé àdá rẹ̀, ó ṣíwájú. Mo gbé akíkà sí ẹ̀gbẹ́ ilé ikán kan, níbi tí yóò ti rí oúnjẹ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ṣì ká jọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó dìde.

Lẹ́yìn ìdána ni bàbá mú mi padà sí ọ̀nà oko yẹn. Ó ti ki igi bọ gbogbo kòtò tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, "Kí àna mi má baà há síbẹ̀ mọ́." Ṣùgbọ́n mo wò wọ́n, igi tín-ín-rín ni wọ́n, wọn ò lè gbé ènìyàn, akíkà ni wọ́n lè gbé.

Mo ti darúgbó báyìí. Bí mo bá gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà kọjá, mo ṣì máa ń rí àwọn tó ń na akíkà sí àwọn awakọ̀ lẹ́bàá títì. Àwọn kan ń rà á nítorí ẹran, àwọn kan nítorí ìpẹ́, àwọn mìíràn sì ń finá sun ìwọ̀nba igbó tó kù. Mi ò rà á rí, aya mi ò sè é. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga tàbí ṣáláńgá nítòsí mi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dé e, bí kò bá sì lè dé e, kó ki igi bọ inú rẹ̀ kí ohun tó bá já sí i lè gùn ún jáde. Ẹni tó fẹ́ sungbó, mo ní kó kọ́kọ́ wo inú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbọ́, àwọn mìíràn ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, ọkàn mi máa ń lọ sí àwọn kòtò tí kò sí ẹni tó ki igi bọ̀.