Ó Ku Ọdún Méjìlélọ́gọ́rin

Ọjọ́ tí Baba Bonifacy bọ́ awò lójú ọba ni gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń rántí bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ ibodè pápá Sowia Łąka, níbi tí àwa ará Poland ti ń wọ aṣọ ayé àtijọ́ lóṣù keje ọdọọdún, tí a sì ń tún ogun ọdún 1410 jà lójú àwọn òǹwòran. Ohunkóhun tí kò bá sí ní 1410, Baba kì í jẹ́ kó wọlé.

"Kábíyèsí, ẹ bọ́ awò ojú yín."

"Baba, awò ti wà láyé ìgbà yẹn!" Walenty ló dáhùn bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó máa ń ṣe ọba.

"Awò wà. Ike ò sí. Ẹ bọ́ ọ."

Walenty bọ́ ọ. Nígbà tí fèrè ogun dún, ó fa idà yọ, ó ké ramúramù, ó sì kó gbogbo ọmọ ogun wa lọ bá àwọn tó tò sídìí áísìkiriìmù. Ìyá arúgbó kan na ọwọ́ méjèèjì sókè tòun ti áísìkiriìmù rẹ̀. Ó ní, "Mo túúbá o!"

Nígbà tó di ọdún kejì, Baba fúnra rẹ̀ fi igi gbẹ́ awò tuntun fún Walenty. Kò tọrọ àforíjì, ó kàn fi lé e lọ́wọ́ ni.

Ẹ má rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ló ń ni lára. Kò sí oúnjẹ tó fẹ́ràn tó pọ̀tétò. Lọ́dún kan, Ludmiła ìyàwó rẹ̀ gbé e wá fún un ní gbígbóná, bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀. Baba gbé itọ́ mì.

"Ludmiła, wọn ò tíì rí ilẹ̀ òdìkejì òkun tí nǹkan yìí ti ń hù. Ó di 1492 kí ọkọ̀ tó débẹ̀, ó ku ọdún méjìlélọ́gọ́rin."

"Á ti tutù kí ọkọ̀ tó débẹ̀ o."

Baba jáde síta ibodè, ó jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró, ó nu ẹnu, ó sì padà wọ 1410.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Dókítà fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo bátìrì sí i láyà, kí ọkàn rẹ̀ lè máa lù déédéé. Nígbà tí oṣù keje dé, Baba gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síta ibodè, ó jókòó, kò wọlé.

"Bátìrì ò sí ní 1410," ló wí. "Òfin ò mojú ẹnikẹ́ni."

Ludmiła bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún. Dókítà ti sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí ọdún yẹn jẹ́ ìgbẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Baba ò gbọ́.

Ni Walenty bá jáde, ó ki ọwọ́ bọ ẹnu, ó yọ eyín rẹ̀. "Baba, eyín ike rèé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé e wọlé." Kunegunda tó ń dáná fún wa yọ fóònù láàárín apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì. Èmi náà bọ́ bàtà, mo fi ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ya bọ́ọ̀lù sí hàn án.

"Ẹ lé gbogbo wa jáde," ni Walenty wí pẹ̀lú ẹnu tí kò léyín, "tàbí kí ẹ wọlé."

Baba wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Onífàyàwọ́ ni gbogbo yín!" Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Kò burú. Tèmi náà, àyà ni mo gbé e sí." Ludmiła dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ wọlé.

Nígbà òtútù ló kú. Mo dúpẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Aṣọ lásán là bá máa wọ̀ ní pápá yẹn bí kì í bá ṣe tirẹ̀.

Lóṣù keje tó kọjá, a gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sínú ibodè níbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ludmiła gbé pọ̀tétò gbígbóná dé, Walenty sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, awò onígi lójú rẹ̀, ó fẹ́ gbé e sórí àpótí náà.

"Níta ni kẹ́ ẹ gbé e sí o," Ludmiła wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Ṣé ẹ fẹ́ kó bá wa jà ni? Ó ṣì ku ọdún méjìlélọ́gọ́rin."