Òkúta Tó Kọjá Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Fẹ́yìsayọ̀ Àjàyí, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣàngó, n'Ílọrin. Bó bá gbọ́ ohun tuntun nípa ojú ọ̀run, àfi kó sọ ọ́.

Nígbà tó kà á lórí fóònù pé òkúta kan lójú ọ̀run tó tóbi tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò gba ẹ̀gbẹ́ ayé kọjá láago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kò lè pa á mọ́ra. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nínú kíláàsì. "Ayé wa nìyí." Ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó dúró. "Ibí ni yóò gbà. Kò ní kàn wá."

Ó rò pé ìyẹn yóò fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀ mẹ́ta yẹn nìkan làwọn ọmọ gbé délé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ariwo ti gba àdúgbò: òkúta ń bọ̀, tíṣà ló sọ ọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mẹ́sàn-án ló wá nínú ọmọ mọ́kànlélógójì. Ọ̀gá ilé ìwé fún Fẹ́yìsayọ̀ ní lẹ́tà pé kó wá wí tẹnu rẹ̀. Tíṣà jókòó, ó dìde, ó tún yẹ fóònù wò. Bí àwọn tó ṣírò ọ̀nà òkúta náà bá ṣì í ńkọ́?

Ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù ni Salimat, ìyá Kamilah, wá mú ọmọ rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ọkàn ẹ̀yin gan-an balẹ̀?"

Fẹ́yìsayọ̀ fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ òótọ́ ló sọ. "Mo mọ̀ pé kò ní kàn wá, ìyá Kamilah. Àmọ́ láti àárọ̀ ni mi ò ti lè jẹun."

Dípò kó mú ọmọ lọ, Salimat fa àga, ó jókòó tì í. "Ẹ jẹ́ ká jọ dúró dè é. Ọlọ́hun á ṣọ́ wa."

Aago méjì lù. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, wọn ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ìròyìn dé sórí fóònù: òkúta náà ti lọ.

"Àlùhámúdùlíláì!" ni Salimat wí. Inú ń bí Kamilah pé òun ò rí i. "Tíṣà, ṣé òmíràn ṣì ń bọ̀?"

"Wọ́n ń kọjá lemọ́lemọ́. Àwọn onímọ̀ kan ń ṣọ́ wọn."

"Bí òmíràn bá ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ pe àwa òbí, kẹ́ ẹ tó sọ fọ́mọ," ni Salimat wí.

Ohun tí Fẹ́yìsayọ̀ kọ fèsì sí lẹ́tà ọ̀gá nìyẹn, pé kí wọ́n pe àwọn òbí. Ọ̀gá gbà. Lọ́jọ́ Ajé, òbí tó lé lógún ló wá, ìbéèrè wọn sì pọ̀ débi pé wọ́n ní kí Fẹ́yìsayọ̀ tún wá ṣàlàyé lọ́jọ́ kejì.